Jinty tó ń jẹ jíà: bí a ṣe tún orí rélùwéè kékeré kan ṣe ní Woolwich

Inú agolo Bournvita ńlá ni Bàbá gbé orí rélùwéè ìṣeré kékeré náà sí, wọ́n fi súwẹ́tà ọmọdé kan wé e kí ara rẹ̀ má baà ha. Wọ́n gbé agolo náà lé tábìlì mi, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Woolwich níbí; Màmá, ìyàwó wọn, ló gbọ́ lẹ́nu ìyàwó mi pé mo máa ń tún rélùwéè kéékèèké ṣe lálẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú, ọmọ mi. Wò ó, jíà ló ń jẹ. Èyí tó wà nínú rẹ̀ yìí ló ṣe ìkẹta. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e lọ, jíà ló ń pààrọ̀. Kì í pé ọdún kan tó fi ń jẹ ẹ́ tán."

"Ariwo ńkọ́, sà?"

"Háà! Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Àmọ́ eré ò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ o. Ó tiẹ̀ ń sáré ju ìgbà tí mo rà á lọ. Kóòṣì nìkan ni kò lè fà mọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹ̀rọ tó darúgbó tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá jíà.

Bàbá wọ London lọ́dún 1966. Lọ́dún 1972 ni wọ́n ra ọkọ̀ yìí ní àlòkù lọ́jà ojú títì, fún àkọ́bí wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Àkọ́bí náà ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí, ọmọ-ọmọ yẹn ló sì ń bọ̀ wá lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ wọn. Ìdí tí agolo Bournvita fi jáde nìyẹn.

Kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Dúdú ni, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, táǹkì omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nọ́ńbà 47606 sì wà lára rẹ̀. Jinty ni àwọn òyìnbó ń pe irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi, tí wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe kékeré, jẹ́ ọkọ̀ eléèédú tí wọ́n fi ń to wágọ́nù nínú ọgbà rélùwéè. 422 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1924 sí 1931. Tri-ang ló ṣe kékeré. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ Lines ló ni ilé iṣẹ́ náà. Lines sì ni ìlà lédè wọn. Ìlà mẹ́ta bá pàdé, ó di onígun mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ. Lọ́dún 1954 ni wọ́n kó iṣẹ́ rélùwéè wọn lọ sí Margate, létí òkun ní Kent. Tí ẹ bá to Jinty kékeré mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn á tó ti ẹyọ kan tó tóbi. Irin tó ń rìn lórí rẹ̀ fi mílímítà 16.5 jìnnà síra.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wọn, n kò ní purọ́. Sukúrù ni wọ́n fi dè é, ẹni tó bá ní sùúrù lè tú u palẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lóde òní, tó o bá tú u, o ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ kìíní

Mo gbé e sórí irin, mo sì ki mítà sáàárín òun àti kọntirólà, ẹ̀rọ tí a fi ń pọ̀ iná rẹ̀ tí a sì fi ń dín in kù. Ní 12 fóòlìtì (volt), 0.8 ámpìà ló ń fà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fa kóòṣì kankan. Mọ́tò irú èyí, X04 lorúkọ tí Tri-ang fún un, tí ara rẹ̀ bá dá, kì í fà tó ìdajì ìyẹn. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó ti gbóná débi pé ìka mi ò lè dúró lára rẹ̀, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná sì ti ń gba fèrèsé awakọ̀ jáde.

Mo fi ẹnu sukudíráfà kan ìwájú mọ́tò, mo fi ìdí rẹ̀ sétí. Ẹ̀rín pa Bàbá. "Dókítà ni ọ́, àbí kí ni?" Mo ní bàbá tó bí mi ló kọ́ mi. Lókò ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tún orí rélùwéè ṣe, bí wọ́n sì ṣe máa ń gbọ́ ẹ̀rọ nìyẹn nígbà tí ibi gbogbo bá ń pariwo. Ohun tí mo gbọ́ nínú sukudíráfà náà kì í ṣe eyín jíà nìkan. Nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń kù rìrì, bí ìgbà tí ọ̀pá bá ń jó nínú ihò tó fẹ̀ jù ú lọ.

Bí Bàbá ṣe lọ tán, mo tú sukúrù tó di mọ́tò mú ṣáàsì, mo gbé mọ́tò kúrò, mo fi wáyà méjì fún un níná lórí tábìlì láìjẹ́ pé ó kan jíà. 0.6 ámpìà. Ìyẹn ni pé ebi ti ń pa á kó tó rí ẹrù rárá. Mo wá kó ṣáàsì, òun àti ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, sórí gíláàsì fọ́tò kan tí mo gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sókè díẹ̀. Ó yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdúró níbì kankan. Ẹsẹ̀ ò ní àìsàn, àwọn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀ náà ò sì fún. Mo fi tiwọn sílẹ̀.

Jíà ló kù. Idẹ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá tó gba àárín ẹsẹ̀ méjì kọjá. Mo gbé gíláàsì ìsọǹkandńlá lé e. Ó yà mí lẹ́nu. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, eyín rẹ̀ ti mú ṣóńṣó bíi ti ayùn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, eyín kan náà gan-an ṣì tẹ́jú, ó ń dán, bí ìgbà tó jáde nínú páálí. Láàárín eyín, ẹrọ̀fọ̀ dúdú kan wà. Mo fi igi ìtayín họ díẹ̀ sórí bébà funfun, mo tẹ̀ ẹ́: wúrà wúrà ń kọ mọ̀nà nínú rẹ̀. Idẹ ara jíà fúnra rẹ̀ ló lọ̀ pọ̀ mọ́ ọ́ìlì yẹn. Ó ti di nǹkan tí wọ́n fi ń pọ́n irin, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ibí yìí ni ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ti dúró. Ó rí jíà tó jẹ, ó pààrọ̀ jíà. N kò bá a wí púpọ̀. Ohun tó bàjẹ́ lojú kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé irin tó ń yí jíà yìí, tó dà bíi sukúrù kékeré lẹ́nu mọ́tò, wọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, aràn sì ni wọ́ọ̀mù lédè àwọn tó ṣe é. Mo wo aràn yìí dáadáa. Ara rẹ̀ dá. Kí ló wá fà á tó fi ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan?

Mo fi ìka méjì di wọ́ọ̀mù mú, mo mì ín. Ó gbọ̀n sókè, ó gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tì í, mo fà á: ó ń lọ ó ń bọ̀ tó mílímítà kan gbáko. Ọ̀pá armature, ìyẹn irin tí wọ́n lọ́ wáyà mọ́ tó ń yí láàárín mọ́tò, kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n báyẹn. Bíárìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀mù, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, ni mo yẹ̀ wò. Ihò rẹ̀ kò rí róbótó mọ́, ó ti gùn bí ẹyin.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́ọ̀mù bá ń ti eyín jíà, jíà náà ń tì í padà. Bíárìn ló yẹ kó di ọ̀pá mú nígbà náà. Tí ihò bíárìn bá ti fẹ̀, wọ́ọ̀mù á sá fún jíà: á gbé ara sókè, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí eyín nìkan ló máa wá rí mú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù ọkọ̀ sì máa wà lé. Jíà tuntun tó o bá fi síbẹ̀, bó jẹ́ jíà wúrà, á jẹ ẹ́.

Kí ló wá jẹ bíárìn? Òùngbẹ. Idẹ oníhò wíníwíní ni bíárìn yìí, ó máa ń mu ọ́ìlì sára, fẹ́ẹ̀tì kékeré kan (felt, aṣọ onírun tó nípọn) sì wà lára rẹ̀ tó máa ń tọ́jú ọ́ìlì fún un. Fẹ́ẹ̀tì yẹn ti le bí pọ̀nmọ́ tó gbàgbé sínú oòrùn. N kò rò pé ọ́ìlì ti kàn án láti nǹkan bí ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀, ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ọ́ìlì ń ṣàn níbi tí a ò ti fẹ́ ẹ: lójú commutator, bàbà róbótó tí kábọ́ọ̀nù méjì ń fara nù láti gbé iná wọlé. Ẹnì kan fẹ́ ṣoore fún ọkọ̀ yìí, ó sì rọ ọ́ìlì sí i wàràwàrà, gbogbo rẹ̀ ló lọ síbi tí kò yẹ. Bàbà náà pín sí mẹ́ta, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ ló pààlà sí wọn. Èérú kábọ́ọ̀nù ti bá ọ́ìlì po, ó ti di àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, iná sì ń gba orí ẹrọ̀fọ̀ yẹn kọjá láì dé inú wáyà. Apá kan nínú 0.6 ámpìà rẹ nìyẹn.

Apá kan. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bàbá: *ó ń sáré ju ìgbà tí mo rà á lọ.* Mo mú X04 mìíràn tí ara rẹ̀ dá nínú àpótí mi, mo fi òòfà rẹ̀ gbé ìṣó kéékèèké. Ó gbé mẹ́sàn-án. Ti Bàbá gbé mẹ́ta.

Mọ́tò tí òòfà rẹ̀ ti rẹ̀ kì í lọ́ra bí èèyàn ṣe máa rò. Bí armature bá ń yí láàárín òòfà, òun náà ń ṣe iná tirẹ̀, iná yìí ló sì máa ń dá èyí tó ń wọlé dúró kó má wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Òòfà bá rẹ̀, ìdádúró náà rẹ̀: iná wọlé yàà, armature á sì gbọ́dọ̀ sáré gan-an kó tó lè rí èyí tó máa fi tì í padà. Eré pọ̀, ooru pọ̀, agbára ò sí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé kó tó di pé mo tú ohunkóhun gan-an ni.

Òòfà inú X04, àdàlú alumíníọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì ni. Tó o bá fa armature jáde láàárín rẹ̀ láì kọ́kọ́ fi irin so apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀, agbára rẹ̀ á dín kù lójú ẹsẹ̀, kò sì ní padà fúnra rẹ̀. Ó ṣe kedere pé wọ́n ti tú mọ́tò yìí rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láìfi irin so ó.

Ìrọ̀lẹ́ kejì

Bíárìn ni mo kọ́kọ́ kojú. Nínú àpótí mi, X04 kan wà tí wáyà rẹ̀ ti jóná gúúgúú ṣùgbọ́n tí férémù àti bíárìn rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún ọ̀pọ̀ ọdún dára lóhun kan yìí: òkú rẹ̀ máa ń gba alààyè là. Àmọ́ láti gbé armature ti Bàbá bọ inú férémù yẹn, wọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀pá.

Ẹ má fi òòlù ṣe é. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá wọ́ọ̀mù kan báyìí, ó jáde lóòótọ́, ọ̀pá náà sì tẹ̀ débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ọkọ̀ yẹn ń jó bàtá títí di òní nínú dúrọ́wà mi. Ẹ̀rọ ìfà kékeré kan ni mo ń lò báyìí, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì máa ń wọ ẹ̀yìn wọ́ọ̀mù tí píìnì àárín rẹ̀ á sì máa ti ọ̀pá. Mo ń yí i ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tó jáde, ó dún "tó!" bí ìgbà tí ìdérí ìgò ṣí.

Mo kọ́kọ́ gbé irin pẹlẹbẹ kan lé apá òòfà méjèèjì kí n tó fa armature jáde. Òòfà tó ti kú tán náà ni, mo mọ̀, èmi fúnra mi ló máa jù ú nù ní wákàtí kan sí i. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára.

Mo fi spírítì fọ commutator. Igi ìtayín ni mo fi họ àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí irin á ha bàbà, ojú tó bá sì ha yóò máa jẹ kábọ́ọ̀nù. Ẹrọ̀fọ̀ tó jáde kún ẹnu igi olówùú mẹ́rin, irú èyí tí a fi ń nu etí. Mo fi mítà wọn àlàfo kọ̀ọ̀kan: òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sí wáyà tó já, kò sí èyí tó jóná. Ká ní ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀ gedegbe ni, armature yẹn ti parí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kábọ́ọ̀nù méjèèjì ti kù ìdajì. Tó bá kúrú ju ìyẹn lọ, sípíríǹgì tó ń tì í ló máa fara kan bàbà, á sì fá a. Mo fi tuntun sí i. Ẹ kíyè sí sípíríǹgì yìí o: ẹyọ kan tó tẹ̀ bí irun ìdirun ni, apá rẹ̀ méjèèjì ló ń ti kábọ́ọ̀nù, ọ̀kan nínú apá náà sì wọ ẹ̀wù róbà tíntínní. Ẹ̀wù yẹn kò ju irẹsì kan lọ. Bó bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì láìfura, iná ọ̀tún àti tòsì á pàdé lára sípíríǹgì, kọntirólà á sì pa ara rẹ̀ tó o bá ti fọwọ́ kàn án. Ti Bàbá ti sọnù nígbà kan rí. Ẹnì kan ti bó awọ wáyà tẹlifóònù, ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Mo wò ó, mo ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ bíárìn sínú ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́rọ́ kó mu yó, mo gé fẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Armature wọ férémù. Ó kù mílímítà kan tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn. Ó yẹ kí wọ́ṣà wà lẹ́yìn wọ́ọ̀mù láti dí i, àmọ́ kò sí; bóyá ó bọ́ nígbà tí wọ́n tú u. Mo fi wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ìwọ̀n bébà kan. Ìwọ̀n bébà yẹn gbọ́dọ̀ kù. Tó bá fún pátápátá, bíárìn máa gbóná, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la máa padà sí.

Lẹ́yìn náà òòfà. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá agbára òòfà àtijọ́ padà. Èmi ò ní. Neodymium kéékèèké ni mo tò pọ̀, mo fi irin dí àyè tó kù. Òòfà yìí lágbára gan-an, àmọ́ kò fẹ́ràn iná: èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ tí ooru bá ti ń lọ sí 80°C. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ́kọ́ fi í sí i. Ká ní mo fi í sínú mọ́tò tó ń jóná ní ìrọ̀lẹ́ kìíní ni, òun náà ì bá ti kú kó tó di Kérésì.

Mo dì í, mo fún un níná. 0.25 ámpìà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti fáànù. Inú mi dùn, mo gbé e sínú ṣáàsì láìtíì dì í dáadáa, mo gbé e sórí irin kí n fi tọrẹ ojú ara mi. Ó fẹ̀yìn rìn. Mo yí kọntirólà síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn; mo yí i sẹ́yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Mo ti fi òòfà sí i lódì. Àwọn ọkọ̀ yìí ní òfin: tí iná rere bá wà lára irin ọwọ́ ọ̀tún, iwájú ni kó lọ. Mo tú u, mo yí òòfà, mo tún un dì. Aago mọ́kànlá ti kọjá, ìyàwó mi ti wá wo mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ kẹta

Jíà tuntun ti dé láti ọjọ́ kejì, mi ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ kí jíà àtijọ́ kọ́kọ́ jẹ́rìí fún mi pé ohun tó ń jẹ ẹ́ ti lọ. Ọgbọ́n àgbà kan wà fún jíà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: o fà á kúrò lára ọ̀pá, o yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú, o tẹ̀ ẹ́ padà. Ojú eyín tó ń gba ìyà nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú á wá di èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń padà sẹ́yìn, èyí tó sì ti ń sinmi láti ọjọ́ yìí á bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ Jinty ń rìn kiri ilẹ̀ yìí lórí irú jíà bẹ́ẹ̀. Ti Bàbá ti tínrín jù fún iṣẹ́ pípẹ́, àmọ́ kò tínrín jù fún ìdánwò.

Mo yí i. Mo wá fi bírò máákà dúdú kun gbogbo eyín rẹ̀. Láti mọ bó ṣe yẹ kí wọ́ọ̀mù sún mọ́ jíà tó, mo gé bébà tí wọ́n fi ń wé sìgá tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi sáàárín àwọn méjèèjì, mo rọra dè mọ́tò lé e, mo sì fa bébà náà jáde. Àyè bébà yẹn ló tó wọn: eyín ò gbá ara wọn, wọn ò sì jìnnà. Mo jẹ́ kó rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo yí i sókè, mo gbé gíláàsì lé e.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni máákà ti parẹ́.

Inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Bíárìn ti dára, wọ́ọ̀mù ò gbọ̀n mọ́, ìyẹn sì ni pé mọ́tò fúnra rẹ̀ ló jókòó ní wíwọ́. Mo fi ìka ra ibi tó jókòó lé lára ṣáàsì. Ọ̀dà dúdú tó nípọn wà lábẹ́ igun kan, ó ti gan. Ẹni tó kun ṣáàsì yìí nígbà kan rí jẹ́ kí bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọjá àyè. Ọ̀dà tí kò nípọn ju èékánná lọ! Mo fi ọ̀bẹ fá a títí dé ojú irin. Mo tún kun eyín, mo tún fi bébà wọ̀n ọ́n, mo tún jẹ́ kó rìn. Lọ́tẹ̀ yìí, àárín eyín ni máákà ti parẹ́, lórí gbogbo jíà yípo, bí ẹni fi rúlà fà á.

Nígbà yẹn ni mo wá tẹ jíà tuntun wọlé. Mo fọ ẹrọ̀fọ̀ idẹ yẹn kúrò nínú gbogbo kọ̀rọ̀ ṣáàsì pẹ̀lú spírítì lẹ́ẹ̀mẹta, torí èyí tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á máa pọ́n tuntun náà. Gírísì díẹ̀ lójú eyín. Ọ́ìlì ẹ̀kán kan fún bíárìn kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu abẹ́rẹ́. Commutator, kò sí nǹkan kan.

Mo jẹ́ kó rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síwájú, ọgbọ̀n sẹ́yìn, láìyára. Lórí irin, láìfa nǹkan kan, 0.3 ámpìà. Mo so kóòṣì mẹ́rin mọ́ ọn, ó di 0.4. Ìka mi dúró lára mọ́tò títí mo fi fúnra mi gbé e kúrò. Owó gbogbo ohun tí mo rà, jíà, kábọ́ọ̀nù, òòfà, wọ́ṣà, kò tó ogún pọ́n-ùn.

Bàbá wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Mo jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn di kọntirólà mú. Jinty yọ jáde jẹ́jẹ́, ó yí kọ́nà, kò sì sí ariwo kankan àfi ti ẹsẹ̀ lórí irin. Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

"Ó ti lọ́ra," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ti gba eré ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Eré yẹn kì í ṣe tirẹ̀, sà. Àìsàn ló ń lé e."

Wọn ò dá mi lóhùn. Mo mú kóòṣì mẹ́rin, mo so ó mọ́ ìdí rẹ̀. Mo tún so méjì sí i. Bàbá tún yí kọntirólà díẹ̀. Ó dúró ná, bí ẹni tó ń fa ṣòkòtò sókè, lẹ́yìn náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀ lé e. Wọ́n jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹta ni wọ́n na ìka sí i pé ní 1972, kóòṣì méjì ló ń fà nínú pálọ̀ wọn, torí méjì péré ni owó wọn ká. Wọ́n wá bi mí léèló ni mò ń ta kóòṣì.

Lóṣù kẹrin, lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ ti lò ó ní Kérésì àti Àjíǹde, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà wá kí n wò ó. Mo tú sukúrù kan yẹn. Fẹ́ẹ̀tì ṣì tutù lọ́wọ́. Gírísì lójú jíà ti dúdú díẹ̀. Mo fi igi ìtayín mú u sórí bébà funfun, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sábẹ́ iná. Kò sí ohun tó ń kọ mọ̀nà níbẹ̀. Irun kápẹ́ẹ̀tì méjì ló wé mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo fi ìmú kékeré fà á yọ, mo kán ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sí bíárìn, mo sì dè é padà.